Nọ́ọ̀tù Kan Tó Ṣẹ́kù

Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì ọkọ mi jàjà wọlé,
lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ìwé kíkọ sí Kàdúná,
kò kọ́lé kún ilé, kò ra ọ̀kadà fún ẹnikẹ́ni.
Ó wọ mọ́tò ìdájí lọ sí Báúṣì,
ó ra katakata tó ju àbíkẹ́yìn wa lọ́jọ́ orí.

Tírélà akẹ́ran ló gbé e wọ Sámínákà.
Táyà ẹ̀yìn kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ,
ọ̀dà pupa rẹ̀ ti ń ṣí bí èépá,
ẹyẹ sì ti yé ẹyin mẹ́ta sẹ́nu páìpù èéfín.
Mo ní, "Bàbá Mórounkéjì, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"
Ó ní, "Á ṣiṣẹ́."
Ó ń ṣiṣẹ́. Á ṣiṣẹ́.
Ẹ wò ó, àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí
ni gbogbo owó wa kó sí.

Ó ní ẹni tó tà á fóun fi Ọlọ́run búra lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ìyá mi máa ń sọ ọ́ nígbà ayé rẹ̀:
búra lẹ́ẹ̀kan, mo gbà ọ́ gbọ́;
búra lẹ́ẹ̀mẹ́ta, jẹ́ kí n yẹ ìdí ẹrù wò.

Danásúmì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì lórí kẹ̀kẹ́,
àpótí irin lẹ́yìn rẹ̀, ọmọọ̀ṣẹ́ lẹ́yìn àpótí.
Kò yin katakata, kò bú u.
Ó fi eyín di ìdí sukudiráfà mú,
ó fi orí rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì,
ó ní kí ọmọ máa fọwọ́ yí fáànù,
ó wá dijú, bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọ òrukàn.
Ìgbà tó lajú, ó béèrè aṣọ àlòkù.

Mo fún un ní ìró tí mo fi pọn Mórounkéjì.
Orí rẹ̀ ló tú ìfun katakata sí:
písítìnnì mẹ́rin, dúdú bí ìdí ìkòkò,
nọ́súlù, fáàbù, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jẹrà.
Ọkọ mi, tó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ní ìṣirò,
jókòó ti aṣọ náà, ó ń kà wọ́n sínú ìwé ètò-ẹ̀kọ́ àtijọ́:
nọ́ọ̀tù igba ó lé mẹ́tàdínlógún.
Ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn aládùúgbò fi màlúù kọ ebè.
A rán ènìyàn lọ ra ọpọ́ǹpù ní Kófà Rúwà ní Kánò;
èyí tó rà bọ̀ dà bí fìlà ọmọdé lórí àgbà.
Ó padà lọ.
Òjò kejì rọ̀. Mo ta ewúrẹ́ méjì, n ò wí.
Danásúmì nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Sáì hàkúrí."
Sùúrù! Ṣé sùúrù ló ń hù lóko ni?

Ó kọ́kọ́ húkọ́, ó dákẹ́.
Ó tún húkọ́, ó pọ èéfín dúdú sórí aṣọ tí mo sá,
lẹ́yìn náà ló wá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kò gbé e sílẹ̀:
mo kú tì, mo kú tì, mo kú tì, mo kú tì.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Hẹ́kítà mẹ́rin lọ́nà Lérè ló tú kó tó di Jímọ̀.
Ẹyẹ kò padà wá. Ẹyin tí mo gbé sórí òrùlé ilé ìdáná kò pa.

Nọ́ọ̀tù kan ló ṣẹ́kù lórí ìró.
Danásúmì yí i wò, ó tún un yí wò,
ó ní katakata kò kúkú mọ̀ pé ohun kan dín lára òun.
Ó gbowó rẹ̀, ó gun kẹ̀kẹ́.
Mo jù ú sínú àwo iyọ̀ tó ṣófo lójú fèrèsé.

Lóru, tí mo bá tají,
ẹ̀gbẹ́ mi á ti tutù.
Ọkọ mi á wà nídìí àtùpà pẹ̀lú ìwé àtijọ́,
á máa kà á láti orí ọ̀kan.