Ó Di Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀ka kan ń họ òrùlé wa lóru
bí ológbò tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ síta.
Èmi tó ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mo fẹ́ fojú kan oorun,
òun ni mo ń gbọ́: kárá, kárá, lókè orí mi.
Mo ní kí Oyèwùmí lọ ra ayùn.

Ó rà á. Ayùn olówùú pupa, bébà iye owó ṣì wà lára rẹ̀.
Ó gbé àkàbà ti ògiri,
ó ku kó gbé ẹsẹ̀ lé e
ni Hálínà yọjú lórí ọgbà,
ìyá arúgbó, pẹ̀lú ìborí olódòdó.
"Oṣù wo la wà?"
Ọkọ mi ní Oṣù Karùn-ún.
"Ṣé ẹ́límù nìyẹn?"
Ọkọ mi wo igi. Igi wo ọkọ mi.
Ọdún kejì tí a ra ilé nìyí,
a kò tíì bi í léèrè orúkọ.

Òfin ni, ẹ má rẹ́rìn-ín:
láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin títí Oṣù Keje yóò fi tán
ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi irin kan ẹ́límù ní Wínípẹ́ẹ̀gì,
ìbáà jẹ́ tìẹ, ìbáà jẹ́ ti bàbá rẹ,
ìbáà jẹ́ inú yàrá rẹ ló ti hù.
Kòkòrò kan ń bẹ tó kéré ju hóró ìrẹsì lọ,
ó ń gbóòórùn ọgbẹ́ igi láti òpópónà kẹta.
Ojú ibi tí ẹ gé ni yóò gbà wọlé
pẹ̀lú àìsàn tó gbé pọ̀n.

Mo bínú, n ò ní purọ́.
Mo pe àwọn ará ìjọba ìlú,
orin wọn lu mí létí fún ogójì ìṣẹ́jú.
"Ta ló ń san owó orí ilé yìí?" mo ní.
Ọmọkùnrin tó dáhùn kò bá mi jà.
"Tiyín ni ilé, màmá. Tiyín ni igi.
Àmọ́ gbòǹgbò wọn ti di ara wọn lọ́wọ́ mú nísàlẹ̀.
Bí tiyín bá kú, kò ní dá kú."

Ìjọ́ tí bàbá mi gé igi ìyeyè ẹ̀yìn ilé wa l'Ókè-Ìlá,
àdá ló kàn pọ́n. Kò bi ẹnìkan.
Nígbà tó di ọ̀sán, àwa ọmọ jókòó sínú oòrùn
à ń wo ibi tí ibòji wà tẹ́lẹ̀
bí ẹni ń wo àga olóògbé.

Mo fi òwú dí etí. Oṣù Kẹfà kọjá.
Hálínà ka kùkùté fún mi lójú pópó, ó fi ọ̀pá tọ́ka:
mọ́kànlá. Nígbà tí òun dé ìyàwó síbẹ̀, ó ní,
ewé pàdé ewé lókè, òjò kì í tètè kanlẹ̀.

Láàárín Oṣù Keje ni wọ́n wá
pẹ̀lú agolo ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn.
Ọkàn mi já. Ṣùgbọ́n wọ́n kọjá tiwa,
ẹ̀yìnkùlé Hálínà ni wọ́n yà sí,
Hálínà tí kò fìgbà kan gé e lódì.
Wọ́n fi ọ̀dà yí i ká lẹ́ẹ̀kan.
Ó tọrọ igi díẹ̀ níbẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kó fi sórí tábìlì.
Wọ́n ní rárá, kòkòrò lè wà nínú èèpo.

Ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹjọ,
òun ló wá kanlẹ̀kùn, ìborí rẹ̀ wà lọ́wọ́.
Oyèwùmí gun àkàbà, Hálínà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.
Ẹ̀ka já, ó balẹ̀ wọ̀ọ̀.
"Ó tó," ó ní.
Ọkọ mi tún na ayùn sí òmíràn.
"Mo ní ó tó."