Lẹ́tà láti Kùmásí

Kí n tó ṣí Bíbélì lálẹ́, mo máa ń rántí Bàbá Odùmúyìwá,
akàwé-fúnni l'Óde Rẹ́mọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́,
ẹni tó fi òwú so awò ojú rẹ̀ mọ́ etí kan.
Tọ́rọ́ ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí lẹ́tà;
bí ìròyìn bá burú, kì í gbà á.

Kì í kánjú kà.
Yóò kọ́kọ́ yí àpò ìwé náà síwá, sẹ́yìn:
"Ta ló kọ ọ́? Ta ló kọ ọ́ sí?
Oṣù wo ni? Ṣé òjò ni wọ́n wà níbẹ̀ àbí ọyẹ́?"
Àwọn obìnrin á máa kùn pé ó ń fi ọjọ́ ṣòfò.
Èmi náà kùn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí,
mo rò pé mo ti mọ̀wé tán.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Bọ̀sẹ̀dé gba lẹ́tà láti Kùmásí,
Bàbá ti lọ kí àna rẹ̀ ní Ìṣarà.
Mo ní kí wọ́n mú un wá. Mo fà á ya.
Ewé mẹ́ta já bọ́ sílẹ̀;
èyí tọ́wọ́ mi kọ́kọ́ bà ni mo kà sókè:
"Ilé ti wó. Ẹ má retí mi mọ́."

Igbe tí obìnrin náà ké!
Àwọn tó ń bó obì lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sáré dé,
wọ́n tú gèlè lórí rẹ̀, wọ́n jókòó tì í lórí ẹní.
Títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń pe ọmọ rẹ̀ bí ẹní ń pe òkú.

Bàbá dé. Kò bá mi wí.
Ó to ewé náà bó ti yẹ, ó bẹ̀rẹ̀ látòkè.
Òpin ewé kìíní: "Òjò pa adìẹ onílé wa mẹ́fà, nítorí…"
Ìbẹ̀rẹ̀ ewé kẹta: "…ní ìparí oṣù; mò ń bọ̀ kó tó parí."
Ìyá Bọ̀sẹ̀dé rẹ́rìn-ín, ó sunkún,
ó gbá mi létí, ó sì fún mi lóbì kan.

Ìgbátí yẹn ṣì ń dún,
pàápàá bí mo bá rí ẹni tó dijú, tó ṣí Bíbélì gbàù,
tó sọ ìka sílẹ̀ bí ẹni ta tẹ́tẹ́.
N kò ní purọ́, mo ti ṣe é rí.
Ìka mi bọ́ sórí ibi tí wọ́n ti ní kí ẹnìkan kúrò nílẹ̀ baba rẹ̀;
n kò bèèrè orúkọ onítọ̀hún.
Mo ta oko obì baba mi.
Títí dòní, lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni mo ti ń ra obì jẹ ní Ṣàgámù.

Mo ń rọra wàyí.
Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí Kọ́ríńtì,
mo ń jẹ́ kó kọ́kọ́ dé Kọ́ríńtì
kí n tó bèèrè ohun tó ní fún ará Òde Rẹ́mọ.
Bí akéwì bá ní òkè ń tọ bí àgbò,
n kì í wá ẹsẹ̀ òkè kiri inú pápá.
Bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù bá sọ̀rọ̀ tó dùn,
mo máa ń ka ìwé náà dé òpin,
kí n mọ̀ bóyá Ọlọ́run fọwọ́ sí i.
Ibi tó bá ṣókùnkùn, mo ń gbé e sún mọ́ ibi tó mọ́lẹ̀.
Bí kò bá yé mi síbẹ̀, mo fi lẹ́ẹ̀dì sàmì, mo lọ sùn.
Obì tí a kò rẹ sómi,
bí a bá fi èékánná fipá bó o, ara rẹ̀ la ó ha.

Lánàá, ọmọ mi obìnrin pè mí láti Ìkòròdú;
òun àti ọkọ rẹ̀ ń jà.
"Bàbá, ẹ bá mi wá ẹsẹ kan tó máa sọ pé èmi ni mo jàre."
Mo ní, "Màá rí i.
Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."