Lẹ́tà Márùn-ún

Bàbá mi àgbà to òjé fún ìwé ìròyìn ní Ìgbóṣẹ́rẹ́
fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ lojú rẹ̀ ti ń kà á,
bí ẹni ń ka orúkọ ṣọ́ọ̀bù nínú dígí.
Nígbà tí wọ́n ta ẹ̀rọ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù,
àlọ́ inú àpótí ló kù lọ́wọ́ rẹ̀,
èyí tó ń fi rúlà àbúrò mi yà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà:
ìbú ń gba inú òòró kọjá, ilé kan, lẹ́tà kan,
kò sí àmì lórí, kò sí àmì nísàlẹ̀.

"Níbẹ̀ lẹran ti ń bọ́ mọ́ni lọ́wọ́," á ní.
Yọ àmì kúrò, ọ̀nì di òní.
Àgbò tá a so sílẹ̀ de Iléyá di àgbo nínú ìkòkò.
Ajá? Kà á lọ, kà á bọ̀, ajá náà ni;
yí ohùn rẹ̀ padà, ó gun àjà.
Ẹja fi ìrù ṣáájú, ó di àjẹ́.
Ejò pẹ̀yìn dà, ó di òjé,
"òjé tó bọ́ ìyá yín," á sì wo àtàńpàkò òsì rẹ̀
tí ọṣẹ kankan ò mú funfun mọ́.

Ìyá Felisiánà, Àgùdà ilé kejì,
tó máa ń din ẹran kan lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí a ó fi ti fèrèsé,
ló na àlọ́ tirẹ̀ kọjá fẹ́ǹsì:
"Lẹ́tà márùn-ún, Àlàájì.
Ó ń hú ilẹ̀ kiri, kò gbin nǹkan kan."
Bàbá mọ̀ ọ́n. Gbogbo Kámpọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n.
Ó di bírò mú bí ẹni di ìrù eku mú.
E, L, E, D, E.
"Elédè ni mo kọ," ó ní, "ẹni tó ni èdè.
Ẹni tó bá fi àmì sábẹ́ ẹ, ọwọ́ ara rẹ̀ ló máa rùn."
Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú.
"Elédé ńkọ́, tó ń ta edé ní Sángírọ́ùsì?"
"Ìyẹn náà wọlé. Àpótí ò lẹ́nu tó fi máa jiyàn."

Mo lọ. Ọdún mẹ́sàn-án ní Àbíjàn.
Nígbà tí mo padà, rọpárọsẹ̀ ti gba ahọ́n rẹ̀
pẹ̀lú apá ọ̀tún. Mo gbé ọmọ mi síwájú rẹ̀,
ọmọ tí Faransé yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.
Bàbá fa kàlẹ́ńdà yọ lábẹ́ ìrọ̀rí.
Ìbú kan ṣoṣo, ilé márùn-ún,
lẹ́tà ọwọ́ òsì, tí wọ́n ń wó lu ara wọn: ELEDE.
"Bàbá, ẹran yìí náà lẹ tún kó wọlé?"
Ó mirí. Ó gbé àtàńpàkò dúdú yẹn lé e,
ó ń wọ́ ọ bọ̀ láti ọ̀tún sí òsì, bó ṣe ń ka òjé:
E,
D, E, L, E.
Àwa méjì ni. Kì í ṣe "o".

Lẹ́yìn fẹ́ǹsì, nǹkan ń ta nínú epo gbígbóná.
Kò sẹ́ni tó dìde lọ ti fèrèsé.