J Pupa

Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá mi a máa rán ìwé tó bá ya.
Dókítà Lefkovits mú ọ̀kan wá nínú aṣọ ìnujú:
ìwé ìrìnnà ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú.
Mo ṣí i. J pupa kan, ó ga tó ìka mi,
ó jókòó lé orúkọ obìnrin náà lórí.

"Kí lẹ ṣe fún wọn?"
"Wọ́n ní a bu májèlé sí kànga.
Wọ́n ní owó wa ò mọ́.
Irọ́ náà dàgbà ju baba ńlá ẹnikẹ́ni lọ."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ bàbá mi.
Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni onílé
ju ṣílè wa mọ́ òkúta, ó tẹ́tí gbọ́ ìró rẹ̀,
ó ní owó Ìjẹ̀bú ni.

Tíṣà Fátókun, lọ́jọ́ Ẹtì Rere:
"Àwọn Júù ló pa Jésù."
A ṣe àmín, ẹnu wa kún fún ẹ̀pà.
Kò sọ pé Júù ni Jésù fúnra rẹ̀,
pé ká ní òun ló dé bodè wọn,
wọn ì bá lu òǹtẹ̀ yẹn fún un.

Bàbá rán ìwé náà, kò gbowó.
Dókítà fi ṣílè kan sórí tábìlì síbẹ̀.
A ò jù ú mọ́ òkúta.