Èédú Kò Mú Irin

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago méjì lù lóru
nígbà tí Ivalu gbé ọmọ rẹ̀ wọlé,
yìnyín lórí irun, bàtà lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo.
"Ó ti jẹ ẹ́. Oògùn oyún mi. Ó rò pé súìtì ni."
Ìgò òfìfo wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mì ín sí mi létí,
bí ẹni pé òfìfo yóò dáhùn.

Mo ti sáré lọ gbé èédú.
Ẹ má bú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá,
bàbá Pavia gbé oògùn oorun mì kọjá ìwọ̀n,
èédú la pò mómi, ó ń mu ún tìbínú-tìbínú,
eyín rẹ̀ dúdú bí ẹnu ààrò.
Ó ní, "Ṣé ọkọ̀ mi lẹ̀ ń fi ọ̀dà kùn ni, àbí inú mi?"
Èédú di oògùn mú bí àwọ̀n ṣe ń di ẹja mú.
Bàbá ti padà sídìí ìwọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n dókítà ń pè láti Nuuk,
ohùn rẹ̀ ń já lórí tẹlifóònù bí òwú gbígbó:
"Fi èédú sílẹ̀. Èédú kò mú irin.
Omi ni. Omi, títí yóò fi mọ́."

Irin. Irin ìdákọ̀ró, irin afárá,
ta ló mọ̀ pé ó lè di kóró pupa róbótó
kó lọ ba sínú ọmọ ọdún mẹ́ta?
Àwòrán inú rẹ̀ tú wọn fó: mẹ́rìndínlógún,
funfun báláú.

Mo ki rọ́bà tín-ín-rín bọ imú Minik.
Ó ta mí nípàá láyà; mo dúpẹ́ pé ó lágbára.
Omi oògùn ń lọ, kò yára, kò dúró,
ó ń wọlé lókè, ó ń jáde nísàlẹ̀.
Kò sí ògo kankan níbẹ̀:
garawa, aṣọ ìnulẹ̀, òórùn, garawa mìíràn.
Ivalu kúnlẹ̀, ó ń ka kóró. Ó ṣì kà, ó tún un kà.
Hẹlikọ́pítà kò lè gbéra, ìjì ti di ojú ọ̀run.

Aago méje lù, ilẹ̀ ò mọ́.
Ní Maniitsoq, nígbà òtútù,
oòrùn kì í jí kí aago mẹ́wàá tó lù.
Ṣùgbọ́n omi mọ́.
Mo rí ìsàlẹ̀ garawa,
mo rí ibi tí ẹnìkan ti fi ìṣó họ orúkọ wọ́ọ̀dù wa sí.

Àwòrán kejì: òkùnkùn lásán. Òkùnkùn tó dùn ún wò.
Minik lajú, ó ní òun fẹ́ súìtì.
Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹkún gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀.
Èmi gbé garawa ìkẹyìn dání,
mi ò tètè dà á nù.