Kànga Ẹ̀yìnkùlé, Ìṣarà

Wọ́n ní òkúta já sí kànga,
ìṣẹ́jú àáyá méjì ni a fi gbọ́ ọ.
Báwo ni kànga ṣe jìn tó? Ẹ fojú fo atẹ́gùn.

Ìdajì mẹ́wàá, ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan sí i:
ogún mítà. Tíṣà Odùfúwà fi bírò pupa fa igi sí i, ó dára.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní kànga.
Bàbá Ọnàsànyà ló gbẹ́ ẹ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló fi wọn ilẹ̀ pupa yẹn.
Mo jọ̀wọ́ òkúta kan. Ení, èjì,
gbìm.

Ṣẹ̀yẹ bá mi di orí okùn korobá mú,
a nà án sójú ọ̀nà títí dé ìdí àgbọn:
mítà mọ́kàndínlógún, kò tilẹ̀ pé.
Mo tún un wọ̀n.
Ṣẹ̀yẹ ní bóyá téèpù ló ń purọ́.

Òru ni ó tó yé mi.
Òkúta ti dé omi kí n tó gbọ́;
ohùn rẹ̀ ṣì ń pọ́nkè bọ̀ wá bá mi,
ìrìn ni ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, ogún ni n ó kọ fún wọn.

Láàárọ̀ mo fami.
Okùn yọ́ lọ, yọ́ lọ, títí kókó kan fi kan àtẹ́lẹwọ́ mi,
kókó tí Màámi ti so kí wọ́n tó bí mi:
omi dé.