Ohun Tó Fúyẹ́

Ogójì ọdún ni mo fi òòlù bá irin sọ̀rọ̀
ní Láfẹ́nwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
kí Ṣówándé ọmọ mi tó gbé ike résìnì dé,
tó ní, "Bàbá, ọkọ̀ yìí ti sanra jù."

Dátsùn ni. Ti ìyá rẹ̀ ni, kó tó papò dà.
Bó bá kan òkè Ṣokorí, jíà kìíní ni,
á máa mí hẹlẹ bí aboyún,
àwọn ọlọ́kadà á yà á sílẹ̀, wọ́n á ní ẹ kú ìrìn.

Mo ní ká wá ẹ́ńjìnnì tó lágbára.
Ó ní, "Ta ló ń ra ẹṣin mìíràn
nígbà tí ẹrù ẹ̀yìn èyí ṣeé sọ̀?"
Mi ò dáhùn.
Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, èébú ni kí èèyàn fúyẹ́.
"Má fúyẹ́ láwùjọ," ni bàbá mi ń wí,
èmi náà sì ti fa Ṣówándé létí sí i.

Ó tú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra irin àlòkù:
kílò méjìdínlógún.
Ó fi wáàsì pa á bí ẹni fi òrí pa ọmọ ìkókó,
ó tẹ́ aṣọ tí wọ́n fi òwú dígí hun lé e, ó po résìnì.
Hádínà pọ̀ jù.
Ike bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀,
ó sọ ọ́ sínú yanrìn, ó ké pe ìyá rẹ̀.
Lẹ́ẹ̀kejì, wáàsì ò dé kọ̀rọ̀;
móòdù lẹ̀ mọ́ irin
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn la fi họ ara.
Eruku dígí wọ bùbá mi, ó wọ orí ibùsùn,
wèrèpè ò tó o.
Ìyá Mosúnmọ́lá ní ká kó wàhálà wa
kúrò níbi tóun ń sá aṣọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló bọ́, bí èèpo ẹ̀pà tó gbẹ.
Kílò márùn-ún àti ààbọ̀.
Mo fi ìka kàn án. Kò dún bí irin,
bí igbá òfìfo ló ṣe dún.
Ojú tì mí fún un.

Ó ṣe búùtù, ó ṣe máàdígáàdì méjèèjì.
Ilẹ̀kùn nìkan ni mo ní kó má fọwọ́ kàn:
bí nǹkan bá kọ lù ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
kí irin wà níbẹ̀ dúró fún mi.
Ó wò mí títí. Ó ní ó dáa.

Ní Sátidé a gbé e lọ sí Ṣokorí.
Jíà kejì. Jíà kejì ló fi gùn ún!
Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbọ̀n díẹ̀
bí ètè ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Olúmọ yọ, àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà sì tẹ́ lọ nísàlẹ̀.
Níbí yìí ni ìyá rẹ̀ ti máa ń tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó,
bí ẹni pé títẹ̀ rẹ̀ á ran ọkọ̀ lọ́wọ́.
Mo bojú wo ara mi: mo ti tẹ̀ síwájú.

"Bàbá, ẹ rí i?"
Mo ní, "Ó fúyẹ́."
Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi
tí kò bú ẹnikẹ́ni.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì irin ṣì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.
Àwọn tó ń ra irin bi mí léye tí mo fẹ́ tà á.
Mo ní adìyẹ ń sàba lábẹ́ rẹ̀.